Ladi-Lak Ṣì Wà Lẹ́yìn Ààlà

Ẹni tó bá wọ dánfó láti Yábàá gba Àkọkà lọ sí Bàrígà lónìí kò ní mọ̀ pé òun ré ààlà kankan kọjá. Kò sí géètì lójú ọ̀nà, kò sí ọlọ́pàá tó ń bèèrè ìwé. Ọkọ̀ á kàn máa yọ́ lọ láàárín àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń tún fóònù ṣe àti àwọn ọmọ iléèwé, títí kọ̀ndọ́ á fi bèèrè pé, "Ladi-Lak ń kọ́?" tí ẹnì kan á sì dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ó wà o!"

Ààlà wà níbẹ̀ nígbà kan, ó sì nípọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1963, nígbà tí Nàìjíríà di rìpọ́blíìkì, tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí mọ́, tí Dókítà Nnamdi Azikiwe sì di ààrẹ àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ Yábàá ni olú-ìlú parí sí. Èkó tí ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó kò dé Ṣómólú, kò dé Bàrígà, bẹ́ẹ̀ ni kò dé Múṣin, Oṣòdì tàbí Ìkẹjà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ni gbogbo ibẹ̀, Ìbàdàn ni àṣẹ ti ń wá. Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò Ladi-Lak ní Bàrígà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé olú-ìlú kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe ará olú-ìlú. Ó di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, kí ìhà méjèèjì tó wà lábẹ́ gómìnà kan ṣoṣo, Mobọ́lájí Johnson.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀làjú àti ìdàgbàsókè ní Nàìjíríà, ìtàn ààlà yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tuntun dà bí ẹni tó ń kun ilé: iwájú tí àlejò ń rí ló kọ́kọ́ máa ń kùn. Èkó ni iwájú ilé ní 1963. Ilé Òmìnira alájà 25 ti nà gangan sójú ọ̀run. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ owó Nàìjíríà, ọdún 1963 gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀, Victoria Island ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Ètò ìdàgbàsókè àkọ́kọ́, tí wọ́n fi 1962 sí 1968 ṣe gbèdéke rẹ̀, ti gbéra. Inú rẹ̀ ni ìsédò Kainji ti jáde, èyí tí wọ́n ṣí ní 1969 kí iná lè tó fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ilé gbígbé. Yunifásítì Èkó gba akẹ́kọ̀ọ́ 131 wọlé ní 1962, ó sì wá tẹ̀dó sí Àkọkà, níbi tó jẹ́ pé Bàrígà ni aládùúgbò rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà tó yẹ kó fojú kéré rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò ní owó epo rọ̀bì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́; kòkó, ẹ̀pà àti epo pupa ló ń gbọ́ bùkátà ìjọba. Ohun tó ń dunni ni pé ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, ẹni tó ń tẹ ìwé nínú ọ́fíìsì, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé aṣòfin, òdìkejì ààlà ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ sùn.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Ilé wíwó wà lára rẹ̀. Lagos Executive Development Board, ìgbìmọ̀ tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní 1955 sí í palẹ̀ ilé mọ́ lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi 70 éékà láàárín gbùngbùn Èkó. Wọ́n fẹ́ kí olú-ìlú dùn ún wò kí òmìnira tó dé. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n lé. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀ nílé titun wọn, tó sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìwé ní 1961, rí i pé ọjà ọ̀pọ̀ wọn kò tà mọ́ nítorí pé oníbàárà ti jìnnà, àti pé ẹbí tó ń jẹun nínú agboolé kan náà ti fọ́n ká. Owó ilé ga fún òmíràn. Àwọn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń ti Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ, Ọ̀yọ́, Ìgbómìnà àti ilẹ̀ Ìgbò wá síṣẹ́ ní Èkó, ló ré ààlà kọjá. Ilẹ̀ ò wọ́n tó ti Èkó ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ọmọ onílẹ̀ ń gé e tà, oníbìíríkìlà ń kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè ibi tí omi òjò máa gbà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1963, Èkó inú ààlà ní nǹkan bíi 665,000 ènìyàn. Tí a bá ka àwọn àdúgbò tó so mọ́ ọn lẹ́yìn ààlà kún un, ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹnì kan nínú mẹ́ta, ó kéré tán, ló wà lẹ́yìn odi, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pọ̀ sí i.

Omi òjò yẹn ò tíì rí ibi gbà dòní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àìsí ètò ń ṣe sí ènìyàn, kó lọ sí Bàrígà lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà, kó wo bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń fi páànù gbọ́n omi jáde nínú yàrá, tí tẹlifíṣọ̀n wà lórí tábìlì, tí ìrọ̀rí wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Rìpọ́blíìkì àkọ́kọ́ kò pẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Morgan yẹ̀ wò, nítorí pé owó tí wọ́n ń gbà kò ká ilé àti oúnjẹ. Nítorí pé Ìbàdàn ló ni Ṣómólú àti Bàrígà, wàhálà Ìwọ̀-Oòrùn tún di tiwọn. Òfin pàjáwìrì ọdún 1962 dé orí wọn. Nígbà tí wọ́n jí ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 gbé, tí rògbòdìyàn tí wọ́n pè ní wẹ́tìẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Múṣin tó fara kan wọn jóná, nígbà tí olú-ìlú tó wà ní ìwọ̀n ìjù-òkò sí ibẹ̀ ṣì ń gba àwọn àlejò láti òkè òkun. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1966 ni àwọn ọmọ ogun fọwọ́ gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta péré ni.

Tí ọ̀rọ̀ ọ̀làjú bá dé, àwọn kan máa ń fi Túrúkì ṣe àpẹẹrẹ. Mustafa Kemal Atatürk kéde rìpọ́blíìkì níbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1923. Láàárín ọdún díẹ̀, ó fi òfin bọ́ fìlà fẹ́ẹ̀sì lórí àwọn ọkùnrin, ó pa ilé-ẹjọ́ Ṣàríà dé, ó sọ álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá di ti Látìn ní 1928, ó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin ní 1934, ìjọba sì dá ilé ìhunṣọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò ọlọ́dún márùn-ún. Láti òkè ni gbogbo rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì jìyà nídìí rẹ̀. Nàìjíríà kò gba ọ̀nà yẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bọ́ fìlà lórí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ òtítọ́ nípa ohun tí rìpọ́blíìkì ti Nàìjíríà fi sílẹ̀ láìṣe: ní 1963, obìnrin tó ń ta ẹja létí ọ̀sà Bàrígà lè dìbò, obìnrin Kánò kò lè dìbò. Àfìgbà tí ìjọba ológun yí òfin padà ní 1976 ni ọ̀nà là fún obìnrin òkè Ọya, ọdún 1979 ni wọ́n sì tó dìbò gbogbogbòò. Ààlà tún nìyẹn.

Ní ti ẹ̀sìn, òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1979 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ketekete pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala kẹwàá nínú òfin 1999 tún un sọ. Ṣùgbọ́n kí òfin tó sọ ọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é ní Èkó. Ọdún 1923 tí Túrúkì di rìpọ́blíìkì náà ni àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn lè kàwé láìní yí ẹ̀sìn padà. CMS Grammar School, iléèwé gírámà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1859, ti kó wá sí Bàrígà láti 1959, kí òmìnira tó dé. Ìjọ Àgùdà, Áńgílíkà, Kérúbù, Ridíìmù, mọ́ṣáláṣí ńlá, mọ́ṣáláṣí kékeré, ojúbọ Ṣàngó: kò sí àdúgbò kan ní ìhà yìí tí kò ní ju mẹ́ta lọ nínú wọn, inú ẹbí kan náà ni àwọn olùjọ́sìn wọn sì ti ń wá. Wọn ò ka ara wọn sí ẹni tó ń ṣe nǹkan ńlá. Nǹkan ńlá ni. Ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn nítorí ẹ̀sìn pọ̀ láyé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i sójú, ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ni kó lọ.

Láti Fádèyí àti Onípàánù wọ inú Ṣómólú títí dé bèbè Bàrígà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gba ojúde kan. Kò sí ibi tó tún rí báyìí ní Nàìjíríà. Láti Ìlọrin, Òṣogbo, Benin àti Onitsha ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ wá. Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan lè ní ẹ̀rọ mẹ́ta, òkè rẹ̀ lè ní àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè jẹ́ ti àwọn obìnrin tó ń ká bébà, tí wọ́n ń to ó, tí wọ́n ń fi pín-ìn-nì mú un. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà jẹ́ Heidelberg tí wọ́n ti lò ní Jámánì tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Àwọn mẹkáníìkì Ṣómólú mọ inú wọn ju ọ̀pọ̀ dókítà ṣe mọ inú ènìyàn lọ. Bí irin kan bá kán, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti rọ òmíràn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ pósítà ìdìbò kan. Tí ẹ̀rọ bá jẹ́ èyí tí kì í gba ju àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, bébà kan náà gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin: yẹ́lò, pupa, búlúù, lẹ́yìn náà dúdú. Pélẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ojú olùdíje á dà bí ẹni tí ibà pọ́njú mú. Ní ìgbà kejì, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ètè. Nígbà tí dúdú bá dé, irun, ìlà ojú àti orúkọ ẹgbẹ́ á yọ kedere. Bí bébà bá yẹ̀ tó ìbú irun, ètè ọkùnrin náà á di méjì, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá ẹ̀rọ á fa ìwé kan yọ, á gbé e sókè sí iná, á dínjú kan, á tún nọ́ọ̀tì kan dì, á sì tún fa òmíràn yọ. Kò lọ sí yunifásítì fún un. Ẹ̀yìn ọ̀gá kan ló ti kọ́ ọ, tó sìn ín fún ọdún púpọ̀ kó tó gba fírídọ́ọ̀mù.

Lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé bébà, ìwé ìsìn ìdágbére òkú ìjọ Áńgílíkà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò sààrì àti ìṣínu oṣù Ramadan, kí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan, tí àwòrán egúngún wà lórí rẹ̀, wà lábẹ́ méjèèjì. APC, PDP, Labour, ẹ̀rọ kan náà ló ń tẹ pósítà wọn, nígbà mìíràn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Mùsùlùmí ń gé ìwé Bíbélì kíkà àwọn Onítẹ̀bọmi, Kìrìsìtẹ́nì ń di ìwé Hájì. Ohun tí abala kẹwàá ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: gba iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, má ṣe gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ìjọba gan-an ni kì í pa á mọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 90 náírà sọ́tọ̀ láti dín owó ìrìnàjò Hájì kù, nítorí pé náírà ti já lulẹ̀. Àjọ tó ń kó Kìrìsìtẹ́nì lọ sí Jerúsálẹ́mù náà wà, owó ìjọba ló sì ń gbé e dúró. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù. Ohun rere ni, ẹ̀sìn wọn ló pa á láṣẹ fún Mùsùlùmí tí agbára rẹ̀ bá ká a. Ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ ni ẹ̀sìn sọ. Owó gọ́tà Bàrígà kọ́. Ní ti híjáábù, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti dá ẹjọ́ náà ní oṣù kẹfà ọdún 2022 pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lò ó nínú iléèwé ìjọba ní Èkó. Ẹjọ́ tó tọ́ ni. Ìjọba tí kò sí lẹ́yìn ẹ̀sìn kankan kò ní láti máa já nǹkan kúrò lórí ọmọdé. Ohun tó kàn án ni kó rí i pé àga, olùkọ́ àti ìwé wà fún un, kó sì má san owó ìrìnàjò àdúrà ẹnikẹ́ni.

Ó tó ọdún 1979 kí rìpọ́blíìkì tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Bàrígà. Lateef Jákàńdè di gómìnà ní rìpọ́blíìkì kejì, ó sì rí i pé àwọn ọmọ Èkó ń pín iléèwé lò: àwọn kan á lọ láàárọ̀, àwọn kan á lọ lọ́sàn-án. Ó kọ́ kíláàsì sí gbogbo ibi tí àyè wà, ó sì fòpin sí ìyípo yẹn. Àwọn tó ń bú u pe àwọn kíláàsì náà ní ilé adìyẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí tó wà ní Ladi-Lak lónìí, inú "ilé adìyẹ" yẹn ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ẹni. Ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tó fẹ́ kọ́ ni ìjọba ológun fagi lé ní 1985. Èkó dúró de ọkọ̀ irin fún ohun tó fẹ́ tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà.

Láìsí ìjọba, àdúgbò yìí ti ṣe ohun tó pọ̀. Crown Troupe of Africa, ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996, Bàrígà ló fi ṣe ibùjókòó. Olamide, tí wọ́n bí ní 1989, Bàrígà ló dàgbà sí, ó fi Yorùbá ojú pópó rápù títí gbogbo Áfíríkà fi ń kọ ọ́ láìgbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú ètò ọlọ́dún kankan.

Ṣùgbọ́n orí ìtẹ̀wé ni ọ̀rọ̀ yìí á padà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wà nínú ètò ìdàgbàsókè Nàìjíríà ti hàn jùlọ. Nǹkan méjì ni atẹ̀wé kò lè fi ọgbọ́n orí ṣe: iná àti bébà.

Iná tí Kainji ṣèlérí kò tó. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ á dúró, yíǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lórí rólà, bébà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ á bàjẹ́. Jẹnẹrétọ̀ á dún, díísù á máa jó èrè ọjọ́ yẹn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba ti ta iléeṣẹ́ iná fún aládàáni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń ṣètò iná gbé iye owó àwọn oníbàárà Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún fún lójúmọ́, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Atẹ̀wé tó wà nínú Band A ń san owó tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Èyí tí kò sí nínú rẹ̀ ń ra díísù. Kò sí èyí tó sàn fún iṣẹ́ tó ń jìjà gùdù pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní China.

Ti bébà ló burú jù. Nàìjíríà kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira. Ti Jẹ́bbà ló ṣáájú, ní 1969. Ti Ìwòpin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ní 1975 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ti Oku Iboku, tó yẹ kó máa ṣe bébà ìwé ìròyìn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986. Èrò tó dára ni: igi wà, omi wà, ọmọ iléèwé wà. Ìjọba tà wọ́n fún aládàáni nígbà tó yá. Bébà tí Ṣómólú ń tẹ̀ lónìí, òkè òkun ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí ìjọba yọwọ́ kúrò lórí iye náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kúrò ní nǹkan bíi 470 náírà tó sì kọjá 1,500 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé ìdajì, gbogbo ríìmù bébà tó wà ní Ṣómólú tẹ̀ lé e gòkè. Ẹ bi ìyá tó ń ra ìwé àkọsílẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta pé kí ló rí. Àní ìwé ìdìbò pàápàá: ní 2007, South Africa ni wọ́n ti tẹ ti ìdìbò ààrẹ, ó sì dé pẹ́. Rìpọ́blíìkì tó ní Ṣómólú lẹ́yìnkùlé gbé ìbò rẹ̀ lọ tẹ̀ níbòmíràn, lọ́dún kẹrìnlélógójì tó ti ń pe ara rẹ̀ ní rìpọ́blíìkì.

Ààlà kan tún wà tí ojú kò rí. Ní 2003, Bọ́lá Tinúbú, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 kún ogún tó wà. Bàrígà wà lára wọn. Láti ara Ṣómólú ni wọ́n ti yọ ọ́. Òfin orílẹ̀-èdè to orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, 774 ni iye wọn lápapọ̀. Ṣómólú wà níbẹ̀. Bàrígà kò sí níbẹ̀. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní 2004 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ sọ pé ààrẹ kò lágbára láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n ó tún sọ pé iṣẹ́ dídá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ kò tíì parí àfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i. Aṣòfin àpapọ̀ kò tíì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Àwọn 774 ni àṣẹ yẹn mọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, àwọn ará Bàrígà tò sórí ìlà, wọ́n dìbò yan alága àti káńsẹ́lọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin orílẹ̀-èdè kò mọ orúkọ rẹ̀.

Gọ́tà tó dí ní Ladi-Lak, ta ni kó kó o? Ṣómólú ni owó wà lórúkọ rẹ̀, Bàrígà ni gọ́tà wà. Gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàn ṣe ń dáhùn fún àdúgbò tó ń wo Èkó lójú ní 1963, bẹ́ẹ̀ ni ìlà orí ìwé ṣe ń ya ẹni tó ń sanwó orí kúrò lára ẹni tó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún un lónìí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le tó bí àwọn olóṣèlú ṣe ń sọ ọ́. Tinúbú tó dá Bàrígà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gómìnà ló wà nípò ààrẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù nílé aṣòfin méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti ṣàtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè láti 2010. Orúkọ 37 lè wọ inú ìtò kan bí wọ́n bá fẹ́, tàbí kí wọ́n yọ ìtò náà kúrò nínú òfin pátápátá, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dá iye tó bá a mu sílẹ̀, kí owó sì máa tẹ̀ lé iye ènìyàn. Èyí kejì ló dára jù, nítorí pé Èkó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra.

Ní ti ìtẹ̀wé, ó yẹ kí ìjọba Èkó fi okùn iná ọ̀tọ̀ kan sí Ṣómólú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọgbà ilé-iṣẹ́. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀: àtúnṣe òfin ọdún 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣètò iná tirẹ̀, Èkó sì ti ṣe òfin iná rẹ̀ ní 2024. Kó pa á láṣẹ pé ìwé iléèwé, ìwé ìgbàwòsàn àti gbogbo fọ́ọ̀mù ìjọba, Ṣómólú ni wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́, kí owó náà sì jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí pé gbèsè ìjọba ló ń pa atẹ̀wé kékeré. Kó sì jókòó pẹ̀lú ìjọba Ògùn àti ẹni tó ra Ìwòpin. Etí omi ni Ìwòpin wà. Ọkọ̀ tó bá di ẹrù bébà níbẹ̀ lè gba ọ̀sà Lẹ́kí, kó kọjá ní Ẹ̀pẹ́, kó sì já sí etí omi Bàrígà láìtẹ títì Ìkòròdú rárá. Àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé etí omi náà mọ ọ̀nà yẹn dáadáa.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀. Bí pósítà bá ti bẹ̀rẹ̀, Ṣómólú ni aṣojú olùdíje kọ̀ọ̀kan á gbé iṣẹ́ wá, yálà ti gómìnà tàbí ti ààrẹ, á sì fẹ́ kó jáde lọ́la. Kí wọ́n tó bá wọn ki pélẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, ó yẹ kí àwọn atẹ̀wé bèèrè lọ́wọ́ wọn nípa orúkọ Bàrígà nínú òfin, nípa okùn iná àti nípa Ìwòpin. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí olùdíje fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn pósítà rẹ̀ ní àwọ̀ dúdú.